Ẹ̀rọ Ti Dáhùn

Òkú náà dojú bo tábìlì ara rẹ̀, bí ẹni tí oorun gbé lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìpàkọ́ rẹ̀. Òǹtẹ̀ kóòtù àtijọ́ kan, irin tó wúwo bí ọmọ odó, wà nílẹ̀ lẹ́bàá àga. Irun funfun lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Oòrùn ràn wọlé láti ojú fèrèsé, ó sì tàn sórí gbogbo rẹ̀ láìtijú.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì wọlé. Obìnrin ni, ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún. Ó rí tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì máa ń gún ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ.

Ilẹ̀kùn kò já. Fèrèsé kò fọ́. Ife omi méjì wà lórí tábìlì: ọ̀kan ti tán, èkejì kún dẹ́múdẹ́mú. Àlejò ni bàbá yìí gbà. Ó fún un lómi. Àlejò kò mu ún.

Pátákó kan wà lára ògiri tí bàbá náà máa ń há ìwé mọ́. Ìṣó kéékèèké mẹ́rin tò tẹ̀lé ara wọn lórí rẹ̀, igun ìwé tó ya sì wà lábẹ́ ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ti já ìwé mẹ́rin lọ níbẹ̀, ó sì kánjú.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ òkú, awò ọlọ́wọ́ kan wà, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà fi ń ka lẹ́tà wínníwínní. Abẹ́rẹ́ fi aṣọ mú un, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ojú àtàǹpàkò kan wà láàárín dígí náà gan-an. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló pé, bí ẹni pé wọ́n fi gègé fà á. Ojú ọgbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló gé e ní ìbú.

"Ẹ gbé èyí lọ sí àgọ́," ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá tó tẹ̀lé e. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan dígí ẹ̀, èmi àti ẹ̀ ni."

Onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ilé náà ló rí òkú. Ó jókòó síta, ó ká ọwọ́ sáyà, ojú rẹ̀ le koko.

"Kí lẹ wá ṣe nínú ilé?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Omi ni mo wá bù. Wọ́n máa ń jẹ́ kí n bu omi."

"Ẹ ò gbọ́ ariwo?"

"Àǹtí, ẹ̀rọ agbẹrun mẹ́ta ló ń ké lọ́dọ̀ mi láti aago mọ́kànlá. Tí wọ́n bá wó ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò lè gbọ́."

"Ta lẹ rí tó wọlé?"

"Àkọ́bí wọn wá láàárọ̀. Wọ́n jà. Ìyẹn mo gbọ́, torí mi ò tíì tan ẹ̀rọ nígbà yẹn."

"Ṣé bàbá yìí lọ́tàá?"

Onídìrí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà korò. "Ẹ bi mí léèrè ẹni tí kì í ṣe ọ̀tá wọn. Mi-ò-tẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n."

Abẹ́rẹ́ mọ ìtàn náà. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọdún tó kọjá ni ìjọba pàṣẹ pé kí tọmọdé tàgbà wá tẹ̀ka, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ya ojú àti ẹyinjú wọn. Ẹni tí kò bá tẹ̀ kò ní ríṣẹ́. Ilé ìwòsàn kò ní tọ́jú rẹ̀. Bàbá yìí, tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣe akọ̀wé kóòtù kó tó fẹ̀yìn tì, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní nígbà ayé òun, ọ̀daràn ni wọ́n ń tẹ̀ níka, òun kò sì tíì dáràn. Láti ìgbà náà ló ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, tó ń bá àwọn tí ẹ̀rọ fìyà jẹ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ìjọba.

"Àwọn kan ní tiwọn ni bàbá ń ṣe," onídìrí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Àwọn kan ní bàbá fẹ́ kó ìyọnu bá gbogbo wa. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹ̀yin ọlọ́pàá náà ládùúgbò yìí. Ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni á la ẹnu fún yín."

Lóòótọ́, gbogbo ilẹ̀kùn tí Abẹ́rẹ́ kàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pípa ni wọ́n pa á dé e lójú.

*

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ fi dáhùn.

"Wá wò ó!" Ọ̀gá àgọ́ ń fi ìka gbá ojú kọ̀ǹpútà. "Bíríkìlà kan ni. Òpópónà kejì sí ti olóògbé ló ń gbé. Ojú ẹ̀ nìyí, ẹyinjú ẹ̀ nìyí, nọ́ńbà ẹ̀ nìyí. Ìpànìyàn àkọ́kọ́ tí a ó fi ẹ̀rọ ìjọba yanjú! Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọ̀gá láti olú-iléeṣẹ́ ń bọ̀, àwọn oníròyìn ń bọ̀. Kí ìwọ náà wá aṣọ gidi wọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n rí ọkùnrin náà ná, sà."

"Kí lo tún fẹ́ rí lára ẹ̀? Àtàǹpàkò ẹ̀ nìyí."

Orí ògiri tí bíríkìlà náà ń mọ lọ́wọ́ ni wọ́n ti já a wálẹ̀. Kó tó dé yàrá ìbéèrè, ètè rẹ̀ ti bẹ́. Sìmẹ́ńtì ṣì wà nínú irun rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́nu géètì, ó ń ké, ó ń ṣépè.

Sájẹ́ǹtì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́rẹ́ jókòó níwájú rẹ̀.

"Ẹ mọ olóògbé?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Wọ́n ní ẹ bá a jà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mò ń bi yín."

Ọkùnrin náà nu ètè. "Mo bá a jà. Ó ní kí n má lọ tẹ̀ka. Mo ní ṣé òun ló máa bá mi bọ́ ọmọ? Wọn ò gbà mí síṣẹ́ láìsí nọ́ńbà ìjọba. Ó pè mí lẹ́rú, mo pè é ní olóríkunkun, kálukú wa bá tiẹ̀ lọ. Ṣé ìyẹn náà ló tó pànìyàn?"

"Dáhùn dáadáa!" Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ tì í lórí.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Abẹ́rẹ́ sọ. "Ṣé ẹ ti wọ ilé ẹ̀ rí?"

"Láéláé."

"Ẹ mọ̀wé kà?"

"Tí mo bá mọ̀wé kà, ṣé orí ògiri lẹ máa bá mi?"

Kí wá ni ẹni tí kò mọ̀wé kà ń fi awò ìkàwé wò? Abẹ́rẹ́ kọ ìbéèrè náà sínú ìwé rẹ̀, ó sì na ife omi sí ọkùnrin náà. Ife yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já bọ́, omi dà sórí tábìlì.

"Ìka mi kì í di nǹkan dídán mú," bíríkìlà sọ. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"Ẹ fi ọwọ́ yín hàn mí."

Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ abíyá. "Kí lẹ tún fẹ́ gbà? Ẹ ti gba ìka mi. Ẹ ti gba ojú mi. Ẹ ti wo inú ẹyinjú mi bí ẹni ń wo kànga. Kí ló kù lára mi tí kò tíì di tiyín?"

Abẹ́rẹ́ mú ìwé funfun àti yíǹkì jáde, ó sì dúró títí ọkùnrin náà fi na ọwọ́ fúnra rẹ̀. Ó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó jáde sórí ìwé jẹ́ ojú dúdú mẹ́wàá, kò sí ìlà kan ṣoṣo nínú wọn. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni sìmẹ́ńtì ti ń jẹ ìka náà. Wọ́n dán bí ọṣẹ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Báwo ni ẹ̀rọ ṣe wá gbà yín nígbà tí ẹ lọ tẹ̀ka?"

Bíríkìlà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ lọ bi ẹ̀rọ yín. Ṣebí òun ló mọ gbogbo nǹkan."

Abẹ́rẹ́ gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá.

Ọ̀gá wo ìwé olójú dúdú náà, ó sì tì í padà. "Ó ti lọ fi òkúta ha ìka ẹ̀ lẹ́yìn tó pànìyàn tán."

"Láàárín wákàtí díẹ̀? Tí ìka rẹ̀ ò sì bó?"

"Ẹ̀rọ kì í parọ́. Èèyàn ló ń parọ́."

"Ta wá ló ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, sà? Ṣé kì í ṣe èèyàn?"

"Ọjọ́ Ẹtì," ọ̀gá sọ. Ó ti kọ ẹ̀yìn sí i.

*

Àkọ́bí olóògbé jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọ́fíìsì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò ní kí Abẹ́rẹ́ jókòó.

"Ẹ ti mú ẹni tó pa á. Kí lẹ wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

"Ẹ bá bàbá yín jà láàárọ̀ ọjọ́ tó kú."

"Ojoojúmọ́ ni mò ń bá a jà." Ó fa ìwé kan yọ, ó jù ú sórí tábìlì. "Ẹ kà á. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí ará ilé wọn kò tíì tẹ̀ka. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè máa kà á. Èmi ni àkọ́kọ́. Ní ìparí oṣù, wọ́n á gba ipò mi. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ àtàǹpàkò kan ṣoṣo. Ẹ mọ ohun tó wí? Ó ní kí n dìde, pé mò ń fi orúnkún ba ilẹ̀ òun jẹ́."

"Níbo lẹ wà ní ọ̀sán?"

"Gbọ̀ngàn ìdánwò. Igba ọmọ àti olùkọ́ mẹ́fà ló rí mi. Ẹ lọ bi wọ́n."

"Mo ti bi wọ́n," Abẹ́rẹ́ sọ. "Òótọ́ ni. Kí ló sọ fún yín kẹ́yìn?"

Ọkùnrin náà ká ìwé náà padà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. "Ó ń sọ ìsọkúsọ. Ó nawọ́ sí pátákó ẹ̀, ó ní, 'Mẹ́rin ni wọ́n, ẹnì kan ṣoṣo ni.' Ó ní òun ti ránṣẹ́ pe ẹni náà, kó wá fojú ara ẹ̀ rí i kí òun tó fi ránṣẹ́ sókè. Mo rò pé orí ẹ̀ ti ń dàrú."

"Ta ló ránṣẹ́ pè?"

"Mi ò bi í. Inú ń bí mi." Ó yíjú sí fèrèsé. "Mo ní kó kú sínú agídí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gbẹ̀yìn fún un nìyẹn. Ẹ jáde, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyàwó bíríkìlà ṣì wà lẹ́nu géètì àgọ́ nígbà tí Abẹ́rẹ́ padà dé. Ó tutọ́ sílẹ̀ níwájú bàtà rẹ̀.

"Ẹ lè tutọ́," Abẹ́rẹ́ sọ. "Ṣùgbọ́n ẹ sọ nǹkan kan fún mi. Ìwé pélébé tí wọ́n fún ọkọ yín nígbà tó tẹ̀ka, tó ní fọ́tò àti àtàǹpàkò lójú, níbo ló wà?"

Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọkọ mi ò mọ̀. Mi-ò-tẹ̀ ló yá a lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń yá a lọ́wọ́ àwọn mìíràn náà, lọ́wọ́ alágbàfọ̀, lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ́ òkúta."

Ìwé mẹ́rin. Ìṣó mẹ́rin. Akọ̀wé kóòtù tó ti wo ìtẹ̀ka àwọn tí kò mọ̀wé kọ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì, àti awò ọlọ́wọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yé e.

*

Gbọ̀ngàn ìtẹ̀ka kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Òórùn òógùn gba ibẹ̀. Lókè ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: ỌGỌ́RÙN-ÚN ÈÈYÀN LÓJÚMỌ́.

Akọ̀wé tó wà nídìí ẹ̀rọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú, báàjì nọ́ńbà kẹtàdínlógún sì wà láyà rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ọjọ́ tí iye tirẹ̀ kì í pé. Ìwé ẹ̀yẹ rẹ̀ wà nínú férémù lẹ́yìn orí rẹ̀. Pílásítà wà ní àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ káàbọ̀. Mo gbọ́ pé ẹ̀rọ wa ràn yín lọ́wọ́."

"Kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ìwé ló gé mi. Iṣẹ́ wa náà nìyí."

Ìyá àgbàlagbà kan, alágbàfọ̀ mìíràn, wà níwájú ẹ̀rọ. Ó tẹ ìka. Iná pupa tàn. Ó tún tẹ̀. Iná pupa. Ẹ̀ẹ̀kẹta, pupa. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. "Ìyá, ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ̀yin nìkan kọ́ ló wá!"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Mà," akọ̀wé sọ. "Ẹ fi fọ́ọ̀mù yín sílẹ̀, ẹ máa lọ sílé. Mà á bá yín yanjú ẹ̀."

Ìyá náà ń súre fún un bó ṣe ń jáde.

"Báwo lẹ ṣe ń yanjú ẹ̀?" Abẹ́rẹ́ béèrè.

"A máa ń bá ẹ̀rọ tò ó, kó lè gba ìka tó ti gbó."

"Ẹ̀yin lẹ forúkọ bíríkìlà yẹn sílẹ̀?"

"Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni mo ti forúkọ wọn sílẹ̀. Mi ò lè rántí."

"Ẹ̀yin fúnra yín, ṣé ẹ ti tẹ̀ka?"

Ọgọ́rùn-ún rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà! Akọ̀wé ìtẹ̀ka tí kò tẹ̀ka? Ẹni tó kàn, ó yá!"

Abẹ́rẹ́ jáde. Ó ti dé ìta kó tó mọ̀ pé ọkùnrin náà kò dá òun lóhùn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tẹ olú-iléeṣẹ́ láago. Obìnrin kan tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà ńlá ibẹ̀ ló gbé e.

"Àtàǹpàkò tí a fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni mélòó ni ẹ̀rọ mú jáde?"

"Ẹnì kan."

"Ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló wà, àbí òun ló kọ́kọ́ bá?"

"Òun ló kọ́kọ́ bá. Bó bá ti rí ẹnì kan, ó máa dúró."

"Ẹ sọ fún un kó má dúró."

"Á pẹ́ o."

"Mi ò kánjú."

Wákàtí kan àti ààbọ̀ kọjá kí aago tó dún. Obìnrin náà ti rẹ ohùn sílẹ̀.

"Mọ́kànlélọ́gọ́ta."

"Kí ni?"

"Orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bíríkìlà, alágbàfọ̀, àwọn tó ń fọ́ òkúta, àwọn arúgbó. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló wà lórúkọ gbogbo wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ."

"Ṣé ẹ̀rọ kì í yẹ ìka tó jọra wò ni?"

"Ó ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ká pa apá yẹn. Ó ń dín iye èèyàn kù, àwọn ọ̀gá òkè ò sì fẹ́."

"Ta ló forúkọ wọn sílẹ̀?"

"Akọ̀wé kẹtàdínlógún. Gbogbo wọn pátá."

"Àtàǹpàkò akọ̀wé kẹtàdínlógún fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Abẹ́rẹ́ gbọ́ bí ìka ṣe ń sáré lórí kọ̀ǹpútà.

"Kò sí. Kò tẹ̀ka rí."

*

Èèyàn bí ọgbọ̀n ló wà lórí ìlà nígbà tí Abẹ́rẹ́ àti ọlọ́pàá méjì wọ gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Alágbàfọ̀ àná wà lára wọn, ó wá gba ìwé pélébé rẹ̀. Abẹ́rẹ́ pa ẹ̀rọ. Ariwo sọ.

"Ẹ bá mi tú pílásítà yẹn," ó sọ fún Ọgọ́rùn-ún.

"Egbò ni, Màdáámù."

"Mo fẹ́ rí egbò náà."

Kò tú u. Ọlọ́pàá kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, èkejì fa pílásítà yọ. Kò sí egbò lábẹ́ rẹ̀. Ojú ọgbẹ́ àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, ó gé àtàǹpàkò ní ìbú.

"Ọgbẹ́ yìí ti jinná láti bí ọdún mélòó," Abẹ́rẹ́ sọ. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan lo ti ń bò ó."

"Ọgbẹ́ lásán. Ẹ̀rọ yín ló sọ pé bíríkìlà ni."

"Ẹ̀rọ sọ ohun tí o kọ́ ọ. Bíríkìlà ò ní ìlà níka. Mo ti fi yíǹkì tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ èèyàn, wàá ní kó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kó máa lọ sílé. Tó bá ti lọ, wàá fi àtàǹpàkò ara rẹ rọ́pò tiẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Gbogbo wọn lorúkọ ọ̀tọ̀, gbogbo wọn ni ìwọ."

Àwọn tó wà lórí ìlà sún mọ́ iwájú.

"Mi-ò-tẹ̀ yá ìwé mẹ́rin, ó há wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi awò wò wọ́n. Ó rí ojú ọgbẹ́ kan náà lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nọ́ńbà akọ̀wé rẹ, kẹtàdínlógún, sì wà nídìí wọn. Ó ránṣẹ́ pè ọ́, ó gbé awò lé ọ lọ́wọ́ pé kí o wò ó fúnra rẹ. O wò ó. Àtàǹpàkò rẹ kan dígí. Nígbà tó padà dojú kọ tábìlì, o gbé òǹtẹ̀ irin yẹn. O já ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ, o gbàgbé awò."

Ọgọ́rùn-ún ń wo ìwé ẹ̀yẹ tó wà lára ògiri. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò mì rárá.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ túmọ̀ sí? Tó bá jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, wọ́n á pè ọ́ jáde, wọ́n á fi ọ́ ṣẹlẹ́yà lójú gbogbo èèyàn. Ẹ̀rọ kọ̀ wọ́n. Èmi gbà wọ́n. Tí kì í bá ṣe tèmi, wọn kì bá tí ríṣẹ́, wọn kì bá tí rí oògùn. Àánú ni mo ṣe wọ́n!"

"Mi-ò-tẹ̀ ńkọ́?"

"Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé mi lọ sí olú-iléeṣẹ́. Ó ní àfi kí n jẹ́wọ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, tàbí kí òun fi ránṣẹ́ sí kóòtù. Kò tiẹ̀ pariwo. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó mú gègé, ó ń kọ̀wé lọ bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Nígbà tí wọ́n mú bíríkìlà, tí wọ́n lu ètè ẹ̀ bẹ́, níbo ni àánú yẹn lọ?"

Ọgọ́rùn-ún fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó ká àtàǹpàkò náà mọ́nú.

"Kí ló dé tí o ò tẹ ìka tìrẹ?"

"Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn," Ọgọ́rùn-ún sọ. "Ta ló máa mọ̀ ọ́n, tó sì tún máa kó ara ẹ̀ sínú ẹ̀?"

Alágbàfọ̀ ti rìn dé iwájú. Ìwé pélébé tuntun náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́tò tirẹ̀ lókè, àtàǹpàkò ẹlòmíràn nísàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó béèrè, "ta ni mí nínú ẹ̀rọ yẹn báyìí?"

Ẹnì kan lórí ìlà ju fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹnì kan gbé àga. Díẹ̀ ló kù kí àwọn ọlọ́pàá méjèèjì má rí ọ̀nà mú Ọgọ́rùn-ún jáde láàyè.

*

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá dúró níwájú àgọ́ nínú aṣọ tuntun, ó ń sọ fún àwọn oníròyìn pé ẹ̀rọ ìjọba ti mú apànìyàn. Ìyẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́. Nígbà tó wọlé, ó ń nu òógùn ojú.

"Ẹ tú bíríkìlà sílẹ̀ kíá kí àwọn èèyàn yìí tó lọ."

Sájẹ́ǹtì gbé ẹ̀rọ kékeré kan sórí káńtà. Láti oṣù tó kọjá, ẹni tó bá ń jáde nínú àhámọ́ gbọ́dọ̀ tẹ̀ka kí ìwé ìdásílẹ̀ tó lè jáde. Bíríkìlà tẹ̀ ẹ́. Iná pupa tàn. Ó tún tẹ̀. Pupa.

"Ó ní kì í ṣe òun," Sájẹ́ǹtì sọ.

Gbogbo wọn wo ara wọn.

"Ẹ mú Ọgọ́rùn-ún wá látinú àhámọ́," ọ̀gá sọ. "Kó wá bá a tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú kan ni."

Bíríkìlà wo ọ̀gá títí. "Ẹni tó pa Mi-ò-tẹ̀ ni kó wá fi ìka ẹ̀ tú mi sílẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ lọ sílé àbí o ò fẹ́?"

Ọkùnrin náà yípadà, ó rìn padà sínú àhámọ́, ó sì jókòó sílẹ̀. "Ẹ tilẹ̀kùn yín."

Lẹ́nu géètì, ìyàwó rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Abẹ́rẹ́ fa ìwé ńlá àtijọ́ kan jáde lábẹ́ káńtà, èyí tí wọn kò lò mọ́. Ó gbọn eruku rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Mo tú ọkùnrin yìí sílẹ̀ torí kò ṣẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lójú." Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sísàlẹ̀.

"Ẹ̀rọ ò ní gba ìyẹn," ọ̀gá sọ. "Wọ́n á bi ọ́ léèrè."

"Kí wọ́n bi mí."

Ó mú kọ́kọ́rọ́ lára ìṣó, ó sì ṣí ilẹ̀kùn àhámọ́ gbayawu. Bíríkìlà jókòó fún ìgbà díẹ̀ kó tó dìde. Kò dúpẹ́. Ó kọjá lára ọ̀gá, ó kọjá lára Sájẹ́ǹtì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà sí Abẹ́rẹ́.

"Nínú ẹ̀rọ yẹn, ṣé èmi ṣì ni mo pa á?"

"Títí wọ́n á fi tún un ṣe."

"Ta ló máa tún un ṣe?"

Abẹ́rẹ́ wo ọ̀gá; ọ̀gá ti ń tún aṣọ tuntun rẹ̀ tò. Ìyàwó bíríkìlà ti wọlé, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, wọ́n sì jáde sínú oòrùn.